Ẹ Gbé E Síwájú Dígí

Èmi, Sámúẹ́lì Bámilóyè Àjàlá, ọmọ bíbí ìlú Ògbómọ̀ṣọ́, atẹ̀wé tó ti fẹ̀yìn tì, tí mo ń gbé ní Bájúláyé ní Ṣómólú, Ìpínlẹ̀ Èkó, ni mo ń kéde lónìí, níwájú àwọn tí orúkọ wọn wà nísàlẹ̀, pé èyí ni ìwé ìhágún mi. Bí mo bá ti kọ òmíràn rí, mo ti fi èyí pa á rẹ́.

Ọpọlọ mi pé. Mo mọ ọjọ́ tí òní jẹ́, mo mọ orúkọ àwọn ọmọ mi, mo mọ ohun tí mo ní, mo sì mọ ẹni tí mo fẹ́ kó jẹ ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ ìwé yìí lè rò pé ohun tí gbogbo ìwé ìhágún máa ń sọ náà ni mo ń tún sọ. Rárá o. Ní tèmi, ìjà gidi ni wọ́n jà lé ọ̀rọ̀ náà lórí. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé pé orí mi ti dàrú, nítorí àwòrán kan ṣoṣo tí mo yà. Nítorí náà, ẹ má bínú bí mo bá ń dúró sọ̀rọ̀ láàárín ogún pínpín. Agbẹjọ́rò ní ìwé òfin kì í ṣe ibi ìtàn. Mo ní kó jọ̀ọ́ kó máa tẹ̀ ẹ́ lọ.

1. Mo yan ọmọbìnrin mi, Moyọ̀sọ́lá, tó ń ṣe olùkọ́ ní Àkọkà, àti ọ̀rẹ́ mi Alájì Múrítàlá, tí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé rẹ̀ kọjú sí tèmi, láti jẹ́ alámòójútó ìwé yìí. Kí wọ́n jọ ṣe é ni o. Moyọ̀sọ́lá ní sùúrù, Múrítàlá kò ní. Múrítàlá ní ariwo, Moyọ̀sọ́lá kò ní. Bí wọ́n bá jọ jókòó, iṣẹ́ á ṣe é ṣe.

Lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà ní Bàrígà ni èmi àti Múrítàlá ti kọ́ṣẹ́. Iṣẹ́ lẹ́tà òjé ni. Ẹ̀yin ọmọ kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Òdì ni ojú lẹ́tà òjé máa ń wà. Òdì la máa ń tò ó, òdì la máa ń kà á, ìgbà tí bébà bá kàn án ló tó di ohun tí gbogbo ayé lè kà. Bí oníbàárà bá sì fẹ́ àwòrán sórí iṣẹ́ rẹ̀, èmi ni mo máa ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ sára rọ́bà, òdì náà ni. Gbogbo ẹyẹlé, gbogbo àgbò iléyá, gbogbo ọkọ àti ìyàwó tó di ara wọn lọ́wọ́ mú lórí káàdì ìgbéyàwó ní Ṣómólú láyé ìgbà yẹn, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, òdì ni mo kọ́kọ́ rí wọn. Ọwọ́ mi kò mọ ọ̀nà mìíràn láti ya nǹkan.

Nígbà tí a gbòmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá wa, àwa méjèèjì la jọ dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Pátákó wa ń jẹ́ ÀJÀLÁ ÀTI MÚRÍTÀLÁ, ATẸ̀WÉ. Lọ́jọ́ kan ṣá, Múrítàlá dé láti ibi tó lọ, ó ní òun ti rí ẹ̀rọ tuntun tó ń tẹ àwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pé lẹ́tà òjé ti kú. Níwájú mi ló ti sọ ọ́, mo sì ń to lẹ́tà lọ́wọ́. Mo ní tó bá ti kú, kó fi òkú náà sílẹ̀ fún mi kí n sin ín. Ó kó lọ sí òdìkejì ọ̀nà, pátákó wa wálẹ̀. Láti ọjọ́ náà, a ò kí ara wa mọ́. Bí òjò bá fẹ́ wọ inú bébà rẹ̀, mo máa ń pariwo pé "Òjò o!" sí gbogbo àdúgbò, kó má baà dà bíi pé òun ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Òun náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi.

2. Ilé mi ní Bájúláyé, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ẹ̀yìnkùlé, pẹ̀lú kànga àti igi àgbọn rẹ̀, mo fi í sílẹ̀ fún ìyàwó mi, Rọ̀kíbátù. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lé e kúrò níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ tà á mọ́ ọn lórí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, Mùsùlùmí ni. Nígbà tí mo mú un délé, àwọn ará ilé wa tó jẹ́ Onítẹ̀bọmi paraku ní ìgbéyàwó náà kò ní pẹ́. Àwọn kan náà ló wá ń jẹ ẹran iléyá nílé mi lọ́dọọdún, tí wọ́n tún ń di ti ọmọ dání lọ sílé. Mo fẹ́ràn obìnrin yìí. Mo kọ ọ́ síbí nítorí pé mo fẹ́ kí wọ́n kà á sókè níwájú rẹ̀, kí n sì má sí níbẹ̀ láti tijú.

Nígbà tí rọpárọsẹ̀ kọlù mí, apá ọ̀tún mi kú tipiri, ọ̀rọ̀ sì kúrò lẹ́nu mi. Mò ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ, n kò kàn lè dá wọn lóhùn ni. Ìbínú wọ̀ mí lára. Mò ń ju ṣíbí, mò ń kọjú sógiri. Rọ̀kíbátù kò bá mi sunkún. Á nu ẹnu mi, á ní, "Bàbá Ìfẹ́dayọ̀, ẹ máa bínú lọ o jàre, ẹ ṣáà ṣì máa jẹun."

Olúwafimíhàn, ọmọbìnrin tí ilé ìwòsàn ń rán wá láti kọ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ mi bí wọn yóò ṣe tún máa ṣiṣẹ́, fi bọ́ọ̀lù rọ́bà kékeré kan lé mi lọ́wọ́ pé kí n máa fún un. Mo jù ú sọnù. Ológbò mi gbá a lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ náà kò bínú. Ó bi àwọn ará ilé pé kí ni bàbá yìí fẹ́ràn kí ara rẹ̀ tó di báyìí. Wọ́n ní àwòrán ni. Ìdáhùn yẹn ló mú kí Moyọ̀sọ́lá gbé tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wá, irú èyí tó ní bírò funfun tí kò ní íńkì. Wọ́n fi bírò náà sí mi lọ́wọ́ òsì. Mo fà á. Ìlà kan jáde, ó pupa fòò. Mo tún fà á. Mo wo ọwọ́ òsì mi, tó jẹ́ pé páànù tí mo ń to lẹ́tà sí nìkan ló máa ń bá mi dì mú tẹ́lẹ̀, inú mi sì dùn dé ibi pé omi bọ́ lójú mi.

Ohun tó tún wá mú mi lọ́kàn jù ni bọ́tìnnì kan báyìí lápá òkè. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, àṣìṣe rẹ a lọ bí ẹni pé o kò ṣe é rí. Nídìí iṣẹ́ tiwa, kí o tó rí àṣìṣe, ó ti wà lára odidi bọ́ńdù bébà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ọ́mọ̀ ṣàṣìṣe kí n lè rí i kó máa lọ. Rọ̀kíbátù ní ìgbà yẹn lòun kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀rín mi láti ìgbà tí àìsàn ti dé. Oorun mi padà. Ṣíbí kò tún fò nínú ilé wa mọ́.

Lọ́jọ́ kan mò ń ya ìyá wọn bó ṣe máa ń dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù láyé àtijọ́, Moyọ̀sọ́lá sì jókòó tì mí, ó ń bá mi ṣa àwọ̀. Ó mú búlúù fún ìró rẹ̀. Ìró yẹn kì í ṣe búlúù. Mo mi orí, kò rí mi. Mo fọwọ́ tì í, ó rò pé omi ni mo fẹ́. Inú bí mi débi pé ẹnu mi là, mo ní, "Àlùkò!" Mo gbọ́ tí ọmọrí ìkòkò já lulẹ̀ ní kíṣìnnì. Rọ̀kíbátù sáré jáde pẹ̀lú ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́, ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ọ̀rọ̀ tí mo fi padà sáyé nìyẹn.

3. Ilé mi ní Ladi-Lak ní Bàrígà, pẹ̀lú àwọn ayálégbé inú rẹ̀, mo fi í sílẹ̀ fún ọmọkùnrin mi, Ìfẹ́dayọ̀. Kó máa tọ́jú òrùlé rẹ̀, kó má sì máa bá ìyá oníbọ̀ọ́lì iwájú ilé jà, nítorí mo ti sọ fún un pé àyè rẹ̀ ni.

Ìfẹ́dayọ̀, ọmọ mi, o ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ níbí, má sunkún. Àbújá lo wà nígbà tí mò ń ya àwòrán ìyá rẹ. Nígbà tí o dé, wọ́n gbé e fún ọ pé kí o wá wo iṣẹ́ ọwọ́ bàbá rẹ. O wò ó. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ ẹnu ìyá rẹ lápá òsì ni àmì dúdú tí wọ́n bí mọ́ ọn wà. Nínú àwòrán, apá ọ̀tún ló wà. Lẹ́tà ara pátákó tó wà lókè orí rẹ̀, ìdí ọ̀rọ̀ ló bẹ̀rẹ̀, gbogbo ojú lẹ́tà sì yí padà. Mo rí i bí ojú rẹ ṣe fà ro. O bi ìyá rẹ bóyá ó rí ohun tí mo ṣe. Rọ̀kíbátù wò ó dáadáa, ó ní, "Èmi gan-an nìyí. Bí mo ṣe máa ń rí ara mi gẹ́lẹ́ nìyí." O bọ́ síta, o di orí mú, nítorí ó ti wá di méjì mọ́ ọ lọ́wọ́.

Ìfẹ́ ló ń dà ọ́ láàmú, mo mọ̀. O ní orí bàbá kò pé mọ́, pé ká lọ gbàwé nílé ẹjọ́ kí ẹlòmíràn máa mójú tó ohun ìní rẹ̀, ká ta ilé Bájúláyé, kí bàbá àti ìyá wá máa gbé lọ́dọ̀ rẹ ní Àbújá, níbi tí n kò ti mọ ẹnì kankan ju ìwọ lọ. Kò pẹ́ tí ọkùnrin kan fi gbé okùn ìwọnlẹ̀ dé, ó ń wọn yàrá mi lójú mi. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Orúkọ àwọ̀ nìkan ló ṣì ń jáde lẹ́nu mi nígbà yẹn. Ṣé kí n máa pe pupa àti àlùkò lé wọn lórí ni? Ẹ̀rù bà mí, mo sọ ọ́ gbangba. Ilé yẹn ni mo ti ń rí ohun tí mò ń yà. Bí wọ́n bá gbé mi kúrò níbẹ̀, mo mọ̀ pé ògiri ni n ó tún kọjú sí.

Èmi fúnra mi kò mọ̀ pé ohunkóhun ṣe àwòrán náà. Lójú tèmi, iṣẹ́ tí a kò tíì tẹ̀ ni.

Rọ̀kíbátù kò bá ọ jiyàn. Ó wé gèlè, ó sọdá ọ̀nà, ó wọ ṣọ́ọ̀bù Múrítàlá lọ, ó ní, "Wọ́n fẹ́ gbé ọ̀rẹ́ yín lọ." Ni Múrítàlá bá dé ti òun ti àkísà tó fi ń nu íńkì. Kò fẹsẹ̀ kan ilé mi láti ìgbà tí pátákó ti wálẹ̀. Ó gba tábúlẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ, ó wò ó, ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Ó ní, "Bámilóyè! Rọ́bà lo ṣì ń gbẹ́!" Ó kọjú sí ẹ̀yin ọmọ: "Kò sóhun tó ṣe orí bàbá yín jàre. Ẹ gbé dígí wá."

Wọ́n gbé dígí tí Rọ̀kíbátù fi ń wé gèlè wá. Wọ́n gbé àwòrán síwájú rẹ̀. Àmì padà sápá òsì, lẹ́tà tò wẹ́rẹ́. Ìwọ Ìfẹ́dayọ̀ lo kà á sókè bí ọmọ iléèwé: "Àjàlá àti Múrítàlá, Atẹ̀wé." Ìgbà náà ni ẹ̀yin mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Múrítàlá ti kà á kí dígí tó dé. Òun nìkan nínú gbogbo wọn ni kò nílò dígí. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì mi, ó fi àkísà íńkì nu ojú rẹ̀, gbogbo ojú wá dúdú kírítí.

Ìfẹ́dayọ̀, o dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ náà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀n tán. Kò sí ohun tí mo tún fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ọkùnrin ọ̀hún ká okùn rẹ̀, ó ní bí àyè bá wà, kí bàbá jọ̀ọ́ ya òun náà. Mo yà á.

4. Ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé Bájúláyé kò gbọdọ̀ di ṣọ́ọ̀bù títà. Kó máa jẹ́ ibi ìjókòó Ọjọ́bọ̀, níbi tí àwọn tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ sí ti ń jókòó yàwòrán. Jẹnẹrétọ̀ kékeré mi, àga, tábìlì àti àwọn tábúlẹ́ẹ̀tì àlòkù tí Moyọ̀sọ́lá bá wa ṣa jọ, kí wọ́n wà níbẹ̀ fún ìlò ìjókòó náà, wọn kì í ṣe ogún ẹnì kankan.

Olúwafimíhàn ló dá a sílẹ̀ pẹ̀lú mi, ó ní ohun tó wúlò fún mi lè wúlò fún ẹlòmíràn. Àwọn méjì ló kọ́kọ́ wá. Sùrájù, sójà tó ti fẹ̀yìn tì, tí kì í lè sùn, òdòdó nìkan ló ń yà. Ẹ má bi í léèrè. Serifat, tí ọmọ rẹ̀ kú, bàtà ọmọdé ló ń yà. Dúdú ló máa ń kùn ún. Ní oṣù tó kọjá, ó kun ẹsẹ̀ kan ní yẹ́lò, ó sì fi hàn yíká, ayọ̀ náà pọ̀ débi pé a jẹ ẹ̀pà tán láì mọ̀. Òfin wa kò pọ̀. A kì í sọ pé àwòrán ẹnì kan dára tàbí kò dára. A máa ń bi í pé, "Kí ló kù?" Òun ni yóò sọ. Kí Moyọ̀sọ́lá pa òfin yìí mọ́ lẹ́yìn mi, kí ó má sọ ibẹ̀ di iléèwé, nítorí mo mọ̀ ọ́n.

5. Àpótí lẹ́tà òjé mi, páànù tí mo fi ń tò wọ́n àti ọ̀bẹ tí mo fi ń gbẹ́ rọ́bà, Moyọ̀sọ́lá ló ni wọ́n. Kó má tà wọ́n fún àwọn tó ń yọ́ òjé. Ọ̀bẹ náà mú gan-an, kó ṣọ́ra.

6. Ológbò mi dúdú, tó ń jẹ́ Íńkì, mo fi í sílẹ̀ fún Alájì Múrítàlá.

Ní gbogbo ìgbà tí a fi yan ara wa lódì, ológbò yìí nìkan ló ń sọdá láàárín wa. Á jẹ ẹja lọ́dọ̀ rẹ̀, á wá sùn lórí bébà mi. Múrítàlá máa ń sọ fún gbogbo èèyàn pé òun kò fẹ́ràn ológbò, ẹja ara rẹ̀ sì ń kéré sí i lójoojúmọ́. Mo fẹ́ kó tún jẹ́ ẹlẹ́rìí ìwé yìí. Agbẹjọ́rò ní ẹni tó bá jogún kò lè jẹ́rìí, kó yan ọ̀kan. Múrítàlá ní kí wọ́n wá ẹlẹ́rìí mìíràn lọ, òun kò lè fi Íńkì sílẹ̀.

7. Tábúlẹ́ẹ̀tì tí Moyọ̀sọ́lá ti fi ta mí lọ́rẹ, pẹ̀lú bírò rẹ̀, Rọ̀kíbátù ló ni í. Ó rò pé n kò mọ̀ pé bí mo bá ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, òun náà ń yàwòrán níbẹ̀. Èmi ló ń yà. Ó dá gbogbo irun mi padà fún mi, pẹ̀lú eyín méjì tó ti lọ. Kó máa bá iṣẹ́ rere náà lọ.

Àwọn àwòrán mi jẹ́ ti gbogbo ilé. Moyọ̀sọ́lá ti fi hàn mí pé bọ́tìnnì kan wà tó ń yí àwòrán padà kó tọ́. Mo dúpẹ́, n kò sì fẹ́. Bí mo ṣe yà wọ́n ni kí ẹ ṣe pa wọ́n mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ wọ́n, kí Múrítàlá bá yín yí wọn padà, kó sì fi ẹ̀rọ aláwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ tẹ̀ wọ́n. Ó dára gan-an, ẹ̀rọ náà. Ẹ bá mi sọ fún un.

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wo àwòrán gan-an, kó gbé e síwájú dígí. Dígí náà kì í ṣe tèmi, ti Rọ̀kíbátù ni, n kò lè fi í hágún. Mo kàn ń bẹ̀ ẹ́ pé kó máa yá yín lò.

8. Nígbà tí mo bá kú, ṣọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ ti sin mí, kí ẹ sì jẹ́ kí Rọ̀kíbátù ṣe àdúrà tirẹ̀ bó ṣe wù ú. Èmi ni mo ya ojú mi tí ẹ ó lò sórí pósítà. Ó wà nínú tábúlẹ́ẹ̀tì. Mò ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀, ẹ má wá èyí tí mo ti fajú ro. Ìró àlùkò ni kí ìyàwó mi ró.

Mo ti parí. Ọwọ́ ọ̀tún mi ti ń gbé ife tíì báyìí, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ni mo fi fọwọ́ sí ìwé yìí, òdì ni mo sì kọ orúkọ mi. Agbẹjọ́rò ní kí n tẹ àtàǹpàkò ká má ṣe wàhálà. Mo ní rárá. Ẹni tó bá tún fẹ́ sọ lọ́jọ́ iwájú pé orí mi kò pé, ó mọ ohun tí yóò béèrè.

Ìfọwọ́sí: Sámúẹ́lì Bámilóyè Àjàlá (ọwọ́ òsì, òdì)

Bájúláyé, Ṣómólú. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹta, ọdún 2025.

Àwa ẹlẹ́rìí tí orúkọ wa wà nísàlẹ̀ yìí kò jogún ohunkóhun nínú ìwé yìí. Ojú wa ni bàbá ṣe fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ náà, pẹ̀lú ẹ̀rín. Ìyá Ìfẹ́dayọ̀ yá wa ní dígí. Ọmọ wọn, Ìfẹ́dayọ̀, ló bá wa gbé e dání. A kà á. Orúkọ bàbá ló wà níbẹ̀.

Sùrájù Bákàrè, Bàrígà.
Serifat Adéọ̀ṣun, Bájúláyé.